IṢẸ́ ỌWỌ́ ÀTI IṢẸ́ KỌNGÍLÁ: ÈWO NI KÍ ỌMỌ WA MÚ?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan gbogbo òbí tí ó ń jẹ tí ó ń mu ní Ose Okwodu yìí: ṣé kí ọmọ jókòó ti iṣẹ́ ọwọ́ tí ó kọ́, ìbáà ṣe télọ̀, wẹ́dà tàbí ẹ̀rọ ata, tàbí kí ó di kọngílá tí ń gba iṣẹ́ sólà àti ínfátà ṣe?

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó bí ìbéèrè yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Owó epo fò sókè, ẹni tí ó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà mìíràn. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbé páńẹ́lì sórí òrùlé wá di ẹni àpéwò, ọmọ tí ó tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ sì ń rò pé ìyà ni wọ́n fi jẹ òun.

A kò kẹ́gàn iṣẹ́ kankan, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń kọ owó tí ó wọlé àti owó tí ó jáde sínú ìwé ní rélùwéè mọ̀ pé iye tí a dá lé iṣẹ́ kọ́ ni èrè. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ṣe àpẹẹrẹ lásán.

Kí á ní télọ̀ kan ń rí ₦6,000 lójúmọ́, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù. ₦156,000 nìyẹn. Òwú, epo àti owó ṣọ́ọ̀bù kó ₦56,000 lọ, ó ku ₦100,000. Bí oníbàárà kò bá tíì sanwó, aṣọ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ télọ̀.

Kí á ní kọngílá gba iṣẹ́ ₦1,200,000, tí ó fi ọjọ́ mẹ́ta parí rẹ̀. Ó fi ₦1,000,000 ra ọjà, ó fi ₦60,000 san owó ọkọ̀ àti ti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́. Èrè rẹ̀ yẹ kí ó jẹ́ ₦140,000. Ọjọ́ mẹ́ta ju oṣù kan lọ! Ṣùgbọ́n oníbàárà san ₦840,000, ó ní kí ó padà wá gba ₦360,000 yòókù. Ẹni tí ó ná ₦1,060,000 tí ó gba ₦840,000, owó ara rẹ̀ ₦220,000 ni ó wà níta. Inú owó ìkẹyìn ni gbogbo èrè rẹ̀ wà, kò sì lè gun òrùlé olórùlé lọ tú páńẹ́lì. Níbo ni ó ti rí ₦220,000 náà? Lọ́pọ̀ ìgbà, owó àjọ ìyá rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni ìjà ilé ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Bí ìyá ẹlẹ́ja bá ní fìríìsà tí ń jẹ wáàtì 100, bí a bá pín in dọ́gba-dọ́gba, yóò jẹ 2,400 ní wákàtí 24. Páńẹ́lì wáàtì 400, bí ó bá rí oòrùn gidi fún wákàtí mẹ́rin, yóò mú 1,600 wá. Páńẹ́lì kan kò tó, pàápàá nígbà òjò àti ọyẹ́. Kọngílá tí kò mọ ìṣirò yìí yóò jẹ́ kí ẹja ẹlẹ́ja rà. NEMSA ni ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí. Kí ọmọ tí ó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí fi ojú sí i láti gbà á.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ ju irinṣẹ́ rẹ̀ nù. Wẹ́dà ni ń jó irin tí páńẹ́lì sùn lé. Kọngílá tí ó mọ iṣẹ́ wẹ́dà kò ní san owó náà fún ẹlòmíràn. Dumez ni ó kọ́ afárá Odò Ọya àkọ́kọ́ tí ó parí ní 1965, Julius Berger ni ó kọ́ èkejì tí a ṣí ní 2023. Orúkọ kọngílá ni a ń pè, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn wẹ́dà, káfíńtà àti àwọn tí ń tẹ irin ni ó gbé afárá náà dúró.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọgbọ́n lára àwọn onílé wa. Láàárín àwọn Igbo, ọmọ tí ó bá sin ọ̀gá rẹ̀ dáadáa nídìí òwò, ọ̀gá a máa fún un ní ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ fírídọ̀mù ni a ń pa ewúrẹ́ tí à ń ya fọ́tò. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ kò ní irinṣẹ́, ó ń wá owó àjọ yá.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí ọmọ parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì máa ṣe é lọ nígbà tí ó bá ń kọ́ ti sólà lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Kí oníbàárà fi owó ara rẹ̀ ra ọjà, kí ọmọ wa gba owó iṣẹ́ nìkan. Kí a kọ àdéhùn sílẹ̀: iye owó, ọjọ́ tí a óò san án, àti ẹni tí yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́. Kí a má fi owó àjọ gba kọngílá. Kí a sì pín owó àríyá fírídọ̀mù sí méjì, kí ìdajì ra irinṣẹ́ fún ọmọ.

A bẹ àwọn àgbà ẹgbẹ́ kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí wọ́n sì gbà láti máa ṣe ẹlẹ́rìí sí ìwé àdéhùn àwọn ọmọ wa. Ọ̀dọ́ tí ó dá nìkan lọ sin owó ní ilẹ̀ onílẹ̀, ojú kékeré ni wọn yóò fi wò ó. Ẹni tí àgbà méjì bá tẹ̀ lé, wọn yóò fún un ní àga. Kí Olódùmarè bùkún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa. Àṣẹ.