Owó Ìmoore Kì í Ṣe Àbẹ̀tẹ́lẹ̀: Ohun Tí Ó Tọ́ sí Àwọn Tí Ń Sìn Wá Lẹ́nu Ìrìnàjò

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, ẹni tí Ó fi apá kan nínú ẹ̀dá ṣe alátìlẹ́yìn fún apá kejì. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo àwọn sàábé rẹ̀.

Lọ́dọọdún ni àwọn ẹbí wa ń gbéra lọ sí Mọ́kà fún hájì àti umra, tí àwọn ìyá wa sì ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ bá àwọn ọmọ wọn tọ́jú ìkókó ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n tó gbéra, a máa ń kọ́ wọn ní àdúà tí wọn yóò ṣe, a sì máa ń bá wọn ka aṣọ tí wọn yóò kó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sábà bá wọn sọ: ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe fún ẹni tí ó gbé ẹrù wọn dé ẹnu yàrá, ẹni tí ó tẹ́ ibùsùn wọn, àti ẹni tí ó ti ìyá àgbà lórí àga onítáyà láti Safa dé Marwa. Ṣé kí wọ́n fún un lówó ni? Èló ni? Ìgbà wo ni? Ṣé kò ní di rìbá? Nítorí àìmọ èyí, ẹlòmíràn a máa háwọ́ níbi tí ó yẹ kí ó lawọ́, ẹlòmíràn a sì máa náwó sí ibi tí yóò ti kó ẹ̀ṣẹ̀.

ÈÈNÌ TÍ ONÍBÀÁRÀ Ń ṢE

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ èènì. Bí ìyálọ́jà bá wọn gàrí fún wa tán, yóò tún bu díẹ̀ lé e. A kò sanwó èènì, a kò sì lè bá a ṣẹjọ́ bí kò bá ṣe é. Inú rere ni ó ti wá. Owó tí àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ń pè ní tíìpù jọ èènì gan-an, àfi pé oníbàárà ni ó ń ṣe é fún ẹni tí ó ṣiṣẹ́. Owó ìmoore ni a óò máa pè é níhìn-ín.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí mùsùlùmí yà sọ́tọ̀. Èkíní ni ọ̀yà. Gbèsè ni ọ̀yà, Ànábì sì pa á láṣẹ pé kí a san án kí òógùn tó gbẹ lára òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó bá rẹ́ ọ̀yà alábàárù jẹ, tí ó wá fún un ní ṣénjì díẹ̀ ní orúkọ oore, kò ì tíì ṣe oore kankan. Gbèsè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Èkejì ni owó ìmoore, èyí tí ó máa ń wá lẹ́yìn iṣẹ́, lẹ́yìn tí ọ̀yà ti pé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi dandan béèrè rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ìtumọ̀ rẹ̀: a fi ń bẹ ènìyàn sílẹ̀ kí ó tó ṣe ohun tí a ń fẹ́, yálà kí ó gba ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn fún wa, tàbí kí ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sanwó oṣù fún un láti ṣe fún gbogbo ènìyàn.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́ LỌ́DỌ̀ ÀNÁBÌ

Ẹrú kan wà ní Mẹdínà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abu Taybah. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fa ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ènìyàn fún ìwòsàn, ó sì ní iye tí ó gbọ́dọ̀ máa san fún àwọn olówó rẹ̀ nínú ohun tí ó bá rí. Nígbà tí ó ṣe iṣẹ́ náà fún Ànábì, Ànábì ní kí wọ́n wọn oúnjẹ fún un. Lẹ́yìn náà ni ó bá àwọn olówó rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dín ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kù. Bukhari àti Muslim gba ìtàn yìí wá. Ọ̀yà ni ó kọ́kọ́ san, ó sì tún ro ti ìnira tí ń dúró de òṣìṣẹ́ náà nílé.

Ìgbà kan tún wà tí ẹnì kan wá béèrè ràkúnmí tí Ànábì jẹ ẹ́. Wọ́n wá èyí tí ó bá ti ọkùnrin náà dọ́gba, wọn kò rí. Èyí tí ó dára jù ú lọ ni wọ́n rí. Ànábì ní kí wọ́n fún un, ó sì fi yé wọn pé ẹni tí ó mọ gbèsè san jù wà lára àwọn ẹni rere jù lọ. Nínú èyí ni àwọn onímọ̀ ti mú un jáde pé àlékún tí ajigbèsè fi tinútinú ṣe, láìsí àdéhùn lórí rẹ̀, ohun rere ni. Bí a bá ti fi ṣe àdéhùn nínú gbèsè, ó ti di èlé.

Ànábì tún kọ́ wa pé bí ìránṣẹ́ bá gbé oúnjẹ wá, tí a kò bá lè mú un jókòó jẹun pẹ̀lú wa, kí a fún un ní òkèlè kan tàbí méjì nínú rẹ̀, nítorí òun ni ó fara da ooru iná. Anas ọmọ Malik sìn ín fún ọdún 10, ó sì jẹ́rìí pé kò kan òun lábùkù rí nítorí ohun tí òun ṣe tàbí èyí tí òun kò ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ̀lú wà lára ohun tí ó tọ́ sí òṣìṣẹ́.

IBI TÍ OORE TI Ń DI RÌBÁ

Ànábì rán ọkùnrin kan, Ibn al-Lutbiyyah, pé kí ó lọ gba sàká wá. Nígbà tí ó dé, ó pín ohun tí ó kó wá sí ọ̀nà méjì: ó ní èyí jẹ́ ti ìjọba, ó ní ẹ̀bùn tí wọ́n fún òun ni ìyókù. Ànábì bínú, ó gun mínbárì, ó sì béèrè pé bí ọkùnrin náà bá jókòó sí ilé bàbá tàbí ìyá rẹ̀, ṣé ẹ̀bùn yẹn yóò wá bá a níbẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé agbálẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì náà kì bá tí rí owó wa bí ó bá jókòó sílé bàbá rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n agbàsàká ní agbára lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláìní, ó lè tìtorí ẹ̀bùn dín ohun tí ó yẹ kí ó gbà kù. Agbálẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni níkàáwọ́ tí yóò tà fún wa, ọ̀gá rẹ̀ sì sábà máa ń mọ̀ pé àwọn àlejò ń ṣe é lóore. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ kan fi ìyọ̀ǹda ọ̀gá ṣe májẹ̀mú. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti kọ̀ ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí a má fi owó wa kó wọn sí wàhálà.

Nítorí náà, owó tí a fún ẹ̀ṣọ́ kí ó lè jẹ́ kí a fo ìlà, owó tí a fi ra ibùsùn tí a ti pín fún ẹlòmíràn ní Mínà, àti owó tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń béèrè ní pápákọ̀ òfúrufú kí ó tó fọwọ́ sí ìwé wa, kò sí èyí tí ó ń jẹ́ ìmoore nínú wọn, bí wọ́n tilẹ̀ fi ẹ̀rín béèrè rẹ̀. Ànábì ṣẹ́bi lé ẹni tí ó fún ni ní rìbá àti ẹni tí ó gbà á. Ẹni tí a fi ipá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ̀tọ́ tirẹ̀ má bàa bọ́ kò dọ́gba pẹ̀lú ẹni tí ó fi ra ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn; kí ó bi àáfà tí ó mọ̀wé.

NÍ MỌ́KÀ ÀTI MẸDÍNÀ

Iṣẹ́ sísin àwọn aláájì, iṣẹ́ ọlá ni láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà hájì ìdágbére ní ọdún 632, Ànábì bá àwọn ará ilé Abbas níbi tí wọ́n ti ń fa omi Zamzam fún àwọn ènìyàn. Ó gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n máa bá iṣẹ́ náà lọ, ó sì fi hàn pé òun ì bá bá wọn fà á, bí kì í bá ṣe pé àwọn ènìyàn yóò torí rẹ̀ gba iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Lóde òní, púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń wakọ̀, tí wọ́n sì ń tún yàrá ṣe níbẹ̀ ni wọ́n wá láti Bangladesh, Pakistan, India àti Indonesia, tí wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé.

Owó ìmoore kì í ṣe dandan ní Saudi. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é lè ya ríyàlì 5 àti 10 sọ́tọ̀ láti ilé; ríyàlì 3.75 ni dọ́là kan. Kí ó fi lé òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀, nítorí pé owó tí a nà sókè láàárín èrò máa ń kó ogunlọ́gọ̀ jọ.

Ti àwọn tí ń ti àga onítáyà yàtọ̀. Ìrìn ẹ̀ẹ̀meje láàárín Safa àti Marwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 3, ẹni tí ó sì ti àgbàlagbà lọ títí ti ṣiṣẹ́ agbára. Àwọn tí a fọwọ́ sí fún iṣẹ́ yìí ni kí a wá, kí a sì bá wọn sọ iye owó kí ìyá tó jókòó. Iye yẹn ni ọ̀yà. Bí ó bá ṣe é pẹ̀lú sùúrù, tí a wá fún un ní díẹ̀ sí i, ìyẹn ni ìmoore. Bí ó bá dúró lágbede méjì tí ó ní kí a fi kún un kí òun tó tẹ̀síwájú, àdéhùn ni kí a rán an létí, láìbú u.

NÍ ÌLÚ ÀWỌN ỌMỌ WA

Àṣà Amẹ́ríkà máa ń ya àwọn òbí wa lẹ́nu. Ọmọ á jẹun tí ó tó dọ́là 40, yóò tún fi dọ́là 6 tàbí 8 sílẹ̀, ìyá á sì rò pé ó ń fi owó ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí a mọ ìdí rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn fàyè gba agbanisíṣẹ́ láti san dọ́là 2.13 péré ní wákàtí kan fún ẹni tí ń gba tíìpù, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà láti ọdún 1991, bí àwọn ìpínlẹ̀ kan tilẹ̀ ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tí oníbàárà fi sílẹ̀ ni wọ́n retí pé yóò dí àlàfo náà. Ẹni tí ó bá jẹun níbẹ̀ tí kò fi nǹkan sílẹ̀ ti fa ọwọ́ sẹ́yìn nínú ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀yà. Ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni àṣà wọn, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ wo ìwé owó bóyá wọ́n ti fi kún un.

Bákan náà ni nínú àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá tí àwọn ẹbí ń wọ̀ fún ìgbafẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ló ń yọ owó ìmoore fúnra wọn, nǹkan bíi dọ́là 16 sí 20 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Bí ó bá jẹ́ 17, ẹni mẹ́rin ní ọjọ́ 7 yóò san 476, kí ẹni tí ń ṣírò ìnáwó má gbàgbé rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, òfin ti fi dandan lé e pé kí agbanisíṣẹ́ kó gbogbo tíìpù fún àwọn òṣìṣẹ́. Ní Japan, wọn kì í gbà á. Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ti tó. Ẹ ò rí i pé àṣà ìlú ni ó ń sọ ohun tí òṣìṣẹ́ ní lérò pé yóò kan òun.

BÍ A TI Í FÚN NI

Ọwọ́ ọ̀tún ni kí a fi fún ni, kí a wo ojú onítọ̀hún, kí a sì kí i. Kí a má ju owó sílẹ̀ fún un bí ẹni ń bọ́ adìẹ. Àlùkùránì Alápọ̀nlé, nínú Súrà Al-Baqarah, ẹsẹ 264, kìlọ̀ pé ìrègún àti ìpalára a máa ba sàráà jẹ́. Ẹni tí ó fún agbẹ́rù ní 500 náírà, tí ó wá ń pariwo rẹ̀ títí ọkọ̀ fi gbéra, kí láádá rẹ̀ kù sí? Kí a má sì sọ pé kí ó fi ra ọtí. Omi tútù ni kí a ní kí ó fi mu.

Ẹni tí kò ní lọ́wọ́ kò ju ẹni tí ó ní lọ nínú ojúṣe. Kí ó tún yàrá rẹ̀ ṣe díẹ̀ kí ó tó jáde, kí ó sọ iṣẹ́ rere òṣìṣẹ́ náà létí ọ̀gá rẹ̀, kí ó sì wí fún un pé "Jazaakallaahu khayran." Ànábì kọ́ wa pé ẹni tí ó bá ṣe àdúà yìí fún olóore rẹ̀ ti dúpẹ́ dé góńgó.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ó bá rí i pé bàbá òun ń san owó awakọ̀ àti ti ọmọ ọ̀dọ̀ ní ọjọ́ tí ó pé, tí ìyá òun sì ń kí agbálẹ̀ àdúgbò kí ó tó kọjá, kò ní ṣòro fún un láti mọ ohun tí yóò ṣe ní Mọ́kà. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí òógùn ẹnikẹ́ni gbẹ sí wa lọ́rùn, kí Ó sì fi wá sínú àwọn tí ń moore. Àmín.