Ìsinmi ní Ireland: ẹ má dúró sí Dublin nìkan

Ẹ̀yin òbí tó fẹ́ kó ọmọ lọ sinmi ní Ireland, físà ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Bí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lẹ ní, físà Ìlú Ọba kò tó láti wọ ibẹ̀, kódà bí ẹ bá ń gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Láti Dublin, ọkọ̀ ojú irin ń dé Galway ní bíi wákàtí 2 àbọ̀. Cliffs of Moher, òkè etí òkun tó ga tó mítà 214, kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ di ọmọ mú, atẹ́gùn ibẹ̀ le. Ní Ballyhaunis, mọ́sáláṣí ti wà láti 1987.

Nínú oṣù Júùnù, ó máa ń kọjá aago 10 alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀ ní Galway. Kí ẹ tó gbéra, ẹ bi àlùfáà yín bí onírìn-àjò ṣe lè pa Mọ́gàríbì àti Ìṣáì pọ̀.