Bí ejò bá bu ọmọ ṣán ní Accra: Ìdí tí oògùn ejò ilẹ̀ mìíràn fi lè má ṣiṣẹ́

Lásìkò òjò ní Accra, omi máa ń kún inú ihò àti gọ́tà, ejò á sì máa wá ibi gbígbẹ lọ. Ibi gbígbẹ náà lè jẹ́ ilé ìdáná yín tàbí ìdí òkìtì búlọ́ọ̀kù tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré.

Ṣé gbogbo ejò ló ní oró?

Rárá o. Erè kò ní oró. Irú erè kékeré kan ni wọ́n ń bọ nílùú Ouidah ní Benin, tí àwọn àlejò tilẹ̀ ń gbé e kọ́ ọrùn.

Àmọ́ paramọ́lẹ̀ àti sèbé ní oró tó le, wọ́n sì wà ní agbègbè Accra. Bí orúkọ rẹ̀ ṣe sọ, paramọ́lẹ̀ máa ń pa ara mọ́ ilẹ̀, kì í tètè sá, ìdí nìyí tí èèyàn fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Irú sèbé kan sì máa ń tu oró síni lójú.

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn Ghana, ejò kékeré kan tún wà tí oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tó bá bu ṣán lè máa ṣẹ̀jẹ̀ títí tó fi máa kú.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2004?

Ní ìgbèríko Ghana, wọ́n pààrọ̀ oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tí ejò ọ̀dàn yìí bù ṣán. Oró ejò India ni wọ́n fi ṣe oògùn tuntun náà. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2008 fi hàn pé tẹ́lẹ̀, nǹkan bí èèyàn 2 nínú 100 ló ń kú. Lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ oògùn, ó di 12.

Ìdí rèé. Wọ́n á máa fún ẹṣin ní oró ejò díẹ̀díẹ̀, ara ẹṣin náà á kọ́ bí a ṣe ń bá oró náà jà, wọ́n á wá fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe oògùn. Oró tí ẹṣin náà kò mọ̀ rí, oògùn rẹ̀ lè má ká a. Ejò India àti ti Ghana lè jọra lójú, oró wọn yàtọ̀.

Kí ni kí ẹ ṣe?

• Ẹ kúrò nítòsí ejò náà, ẹ má lé e láti pa á.

• Ẹ bọ́ òrùka, aago, ìlẹ̀kẹ̀ àti bàtà kí ara tó wú.

• Ẹ fi igi pẹlẹbẹ gbe apá tàbí ẹsẹ̀ náà ró kó má baà mì. Ẹ gbé ọmọ náà, ẹ má jẹ́ kó rìn.

• Ẹ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Nọ́mbà pàjáwìrì Ghana ni 112. Bí ẹ ti ń lọ, kí ẹnì kan máa pè láti béèrè bóyá wọ́n ní oògùn tó wà fún ejò Áfíríkà.

• Bí oró bá ta sójú, ẹ fi omi mímọ́ púpọ̀ ṣan án, kí ẹ tó gbéra.

Ẹ má so ó pinpin, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fa oró náà. Ẹ má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen, torí wọ́n lè dá kún ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn.

Òkúta dúdú ńkọ́?

Ejò olóró pàápàá lè buni ṣán láì da oró síni lára. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò yè bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò fi nǹkan kan sí i, òkúta ni wọ́n á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nílé ìwòsàn, dókítà lè bu ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò fún ìṣẹ́jú 20. Bí kò bá dì, oró ti dé inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní èèyàn tó tó 81,000 sí 138,000 ni ejò ń pa lọ́dọọdún. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì rìn lóru, ẹ wọ bàtà, ẹ kó pàǹtírí tí eku ń gbé kúrò, ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn.