Koríko Ẹran Lórí Ilẹ̀ Oníyọ̀

Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ilẹ̀, irúgbìn a máa rọ, omi ì báà wà níbẹ̀: iyọ̀ kì í jẹ́ kí gbòǹgbò fa omi náà mu.

Ní La Soukra, lẹ́bàá ìlú Tunis ní ilẹ̀ Tùnísíà, wọ́n fa omi kànga jù, iyọ̀ òkun sì wọ inú kànga. Ní 1965 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi ìdọ̀tí ìlú tí a ti sọ di mímọ́ bomi rin igi eléso níbẹ̀. Ní ibòmíràn ní Tùnísíà, wọ́n ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ gbin koríko ẹran. Omi náà ní ọ̀rá tí ilẹ̀ ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra! Sísọ ọ́ di mímọ́ kì í sábà mú iyọ̀ rẹ̀ kúrò. Bí ẹ bá ń wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀, oòrùn a fa omi, iyọ̀ a kù. Ẹ jẹ́ kí ó pọ̀ ju èyí tí irúgbìn lè mu lọ, kí ó fọ iyọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ gbòǹgbò, kí ẹ sì la ojú omi tí yóò gbé e jáde.

Ọkà báálì àti ọkà bàbà fara da iyọ̀ ju àgbàdo lọ. Òfin Tùnísíà ti 1989 kò gba omi yìí fún ẹ̀fọ́, kò sì gba kí ẹran máa jẹ̀ lórí koríko náà. Gígé ni kí ẹ gé e, kí ẹ sá a gbẹ, kí ẹ tó gbé e fún ẹran. Omi gọ́tà lásán kọ́ là ń sọ o: ìyẹn ń gbé àrùn.