Bí A Ṣe Lè Ṣètò Àbẹ̀wò sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ńlá: Láti Ìyànà Ọ̀fà dé Oníkan

Ẹni tí ó bá gbéra ní Ìyànà Ọ̀fà, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù lè dé Oníkan ní Erékùṣù Èkó kí ọ̀sán tó pọ́n, kí ó sì padà wá sùn sílé. Ní Oníkan yìí ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé méjì wà nítòsí ara wọn: Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Orílẹ̀-èdè, tí a ṣí ní ọdún 1957, àti John Randle Centre, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá, tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2024. A kọ àlàyé yìí fún àwọn ìdílé, àwọn olùkọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ ní Lágelú, Àkìnyẹlé, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà tí wọ́n ń gbèrò irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀.

Owó ọkọ̀ ènìyàn márùn-ún lọ sí Èkó àti àbọ̀ kì í ṣe owó kékeré fún ẹni tí ó ń ti ara ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo rówó. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá jáde lápò òbí, tí àwọn ọmọ wá sáré gba inú yàrá kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n sì délé láìlè sọ ohun kan ṣoṣo tí wọ́n rí, òfò ni. Ó sì ń ṣẹlẹ̀, pàápàá nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá kó ọmọ púpọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ó máa ń fà á ni pé àwọn tí ó lọ fẹ́ rí gbogbo rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó lè rí gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi Louvre ní ìlú Paris ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tí wọ́n gbé síta fún ìwòran níbẹ̀ tó 35,000. Bí ènìyàn bá fi ìṣẹ́jú kan péré wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò sùn, tí kò jẹun, yóò lò ju ọjọ́ 24 lọ kí ó tó parí. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní ohun tí ó tó mílíọ̀nù 8 nínú àkójọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bíi 80,000 ni ó wà níta fún ará ìlú láti wò. Èyí yòókù wà ní yàrá ìpamọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa ní Oníkan kò tóbi tó ìwọ̀nyí, síbẹ̀ òfin kan náà ni ó mú un. Nítorí náà, ilé ni ó yẹ kí àbẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀: kí ìdílé jókòó ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí wọ́n yan ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n fẹ́ wò dáadáa, kí wọ́n sì ka ohun mìíràn tí ojú wọn bá tó sí ẹ̀bùn.

Kí ni a lè yàn? Àkójọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Orílẹ̀-èdè pilẹ̀ láti ọwọ́ Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan tí ó wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1927, tí ó rí i pé àwọn iṣẹ́ àtọwọ́dọ́wọ́ ń parun, tí ọ̀pọ̀ sì ń bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ó ń kó wọn lọ sí òkè òkun. Nínú àkójọ ilé náà ni a ti ń rí àwọn ère amọ̀ Nok tí ọjọ́ orí wọn ju 2,000 ọdún lọ, iṣẹ́ idẹ láti Ìgbò-Úkwù, iṣẹ́ ọnà Bìní, àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí jáde láti inú ilẹ̀ ní ọdún 1938, nígbà tí àwọn ènìyàn ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń wá wọn. Ọkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni ó kàn wọ́n. Ẹ sọ ìtàn yìí fún ọmọ kí ó tó rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì rí bí yóò ṣe dúró tì í.

Àwọn iṣẹ́ Bìní pẹ̀lú ní ìtàn tí ó yẹ kí ọmọ mọ̀ ṣáájú. Ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọ lu ìlú náà, tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà lọ, tí wọ́n sì tú u ká gbogbo àgbáyé. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn kan ti ń padà wálé báyìí. Ní ọdún 2025, orílẹ̀-èdè Netherlands dá 119 padà, inú ọgbà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan yìí ni a sì ti ṣe ayẹyẹ ìgbàwọlé wọn.

Bí a bá ní kí a yan ohun kan ṣoṣo fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ wa, ọkọ̀ ni a ó yàn. Ọkọ̀ Mercedes-Benz dúdú tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976 wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, pẹ̀lú ihò ọta ìbọn lára rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ṣáájú, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, ni ìjọba rẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Ọmọ tí ó ti mọ èyí tẹ́lẹ̀ kò ní rí ọkọ̀ àtijọ́ lásán.

Fún àwọn ìyá àti ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ aṣọ àti ìkòkò ni a ó gbà wọ́n nímọ̀ràn láti mú. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í ṣe ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ti ń sọ̀rọ̀. Ìyá tí ó ti re aṣọ nínú ìkòkò aró rí, tàbí tí ó mọ bí a ṣe ń ta òwú sórí òfì, yóò rí ohun tí afinimọ̀nà kò rí, ó sì yẹ kí ó sọ ọ́ sókè fún àwọn tí ó bá a lọ. Àdìrẹ tí a ń pè ní Ìbàdàn Dùn, tí àwọn aládìrẹ máa ń ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí lára, ti di ohun tí British Museum fi pamọ́. Gbọ̀ngàn tí a ṣí ní ọdún 1929 lórí òkè tiwa níbí ni ó wà lára aṣọ náà. Àwọn ọmọ wa tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kò nílò owó ìwọlé láti wo àwọn iṣẹ́ Yorùbá tí ó wà ní gbọ̀ngàn British Museum, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè rán wọn létí lórí fóònù.

John Randle Centre yàtọ̀ díẹ̀. Ìtàn ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ sí gan-an dùn létí. Dókítà J. K. Randle ni ó kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ ní ọdún 1928 fún àwọn ọmọ Èkó, nígbà tí ìjọba amúnisìn kọ̀ láti ṣe é fún wọn. Yorùbá nìkan ni ilé náà dá lé, ó sì fi èdè Yorùbá ṣíwájú nínú àkọlé rẹ̀. Nínú èyí ni àǹfààní ńlá wà fún àwọn ará oko àti ìlú kéékèèké: bàbá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n tí ó ń ka Bíbélì tàbí ìwé ìròyìn ní Yorùbá, lè ka àlàyé fúnra rẹ̀, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Bí àkókò kò bá tó fún ilé méjèèjì, tí àgbàlagbà sì pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yín, a rò pé ibí ni kí ẹ fi ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn olùkọ́ máa ń bá pàdé, a kò sì fẹ́ fò ó. Àwọn òbí kan, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, kì í fẹ́ kí ọmọ wọn lọ nítorí ère àti ohun òrìṣà tí ó wà níbẹ̀. Kò sí ìbọ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí ọmọ foríbalẹ̀ fún ohunkóhun. Ọmọ tí ó wo ère ìbejì yóò mọ bí àwọn ìyá ìgbà náà ṣe ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ ìbejì tí ó kú àti ohun tí agbẹ́gilére lè fi igi ṣe. Ẹ̀sìn rẹ̀ kò yí padà. Kí olùkọ́ bá òbí sọ ọ́ báyìí ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Ó kan ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Ìbàdàn àti Èkó ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni a gbà pé ó dára jù fún ẹni tí ó bá kó ọmọ dání. Láti Ìyànà Ọ̀fà, ẹ ó gba Mọ́nátán dé Iwo Road, ẹ ó wọ ọkọ̀ sí Ọ̀jọ́ò, kí ẹ tó dé Mọ́níyà ní Àkìnyẹlé, níbi tí ìdíkọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà. Àwọn ará Àkìnyẹlé ti sún mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà yóò gba Abẹ́òkúta, níbi tí a fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pe ìdíkọ̀, yóò sì já yín sílẹ̀ ní ìdíkọ̀ Mobọ́lájí Johnson ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta. Oníkan kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ sọdá sí Erékùṣù ni. Ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ wádìí àkókò àlọ àti àkókò àbọ̀ pa pọ̀, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì ṣáájú, kí ẹ sì ka wákàtí tí ó wà láàárín wọn. Wákàtí yẹn ni gbogbo ohun tí ẹ ní. Ẹ yọ wákàtí kan kúrò fún lílọ láti ìdíkọ̀ dé Oníkan, àti òmíràn fún àbọ̀, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó.

Ẹni tí yóò gba títì lè wọ ọkọ̀ ní Iwo Road, kí ó sọ̀ ní Èkó, kí ó sì wá ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Ọbáléndé tàbí CMS. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ lè gbé e dé Oníkan. Bí ẹgbẹ́ bá háyà ọkọ̀, kí wọ́n bá awakọ̀ ṣe àdéhùn wákàtí tí wọn yóò kúrò ní Èkó, kí ilẹ̀ má baà ṣú wọn sí ojú títì márosẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju yàrá kan sí i tí wọn ì bá tún wò lọ.

Oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ni òjò máa ń pọ̀ jù ní Èkó, omi a sì máa gba títì. Oṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò máa ń dẹwọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ sì wà ní ìsinmi, dára. Ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀ a máa fàyè sílẹ̀ ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri àgbáyé kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Kí ẹ pe ilé tí ẹ fẹ́ lọ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú láti béèrè owó ìwọlé àgbà àti ti ọmọdé, wákàtí tí wọ́n ń ṣí, àti bóyá yàrá kan wà ní títì fún àtúnṣe. Ẹ béèrè ohun tí ẹ yàn gan-an pẹ̀lú, nítorí wọ́n máa ń gbé nǹkan wọlé, wọ́n sì máa ń gbé òmíràn síta. Ilé ẹ̀kọ́ ní láti kọ lẹ́tà, kí ó sọ iye ọmọ àti ọjọ́ orí wọn, kí ó sì béèrè afinimọ̀nà tí ó lè sọ Yorùbá. A dábàá àgbàlagbà kan fún ọmọ mẹ́wàá. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn tàbí tí ó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlera, kí ẹ béèrè nípa àtẹ̀gùn ṣáájú.

Nínú ilé, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan. Kì í ṣe pé wọ́n fojú olè wò yín: òógùn àti ọ̀rá tí ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ máa ń jẹ idẹ díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń ba igi jẹ́. Yàrá aṣọ lè ṣókùnkùn díẹ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀ ni ó ń mú aró ṣá, bí aṣọ tí ó pẹ́ lórí okùn nínú oòrùn. Ìdí kan náà ni wọn kì í fi í fẹ́ iná kámẹ́rà. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò. Oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí náà kí àwọn ọmọ jẹ àkàrà àti búrẹ́dì wọn tán níta. Ọmọ kékeré kì í lè fọkàn sí nǹkan ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Ẹ fún un ní bébà àti pẹ́ńsù, kí ó jókòó síwájú ohun kan tí ó wù ú, kí ó yà á. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí ju yàrá mẹ́ta àsáréwò lọ.

Ìdílé tí owó Èkó kò tíì tó lọ́wọ́ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti inú Ìbàdàn. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìṣọ̀kan ti Orílẹ̀-èdè wà ní Alálùbọ́sà, nítòsí ọjà Alẹ́ṣinlọ́yẹ́, láti ọdún 2002 ni ó sì ti ṣí fún ará ìlú. Ó ní yàrá fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Yorùbá, fún ìkòkò àti fún aṣọ eégún. Láti Ìyànà Ọ̀fà, ọkọ̀ sí Iwo Road, òmíràn sí Dùgbẹ̀, òmíràn sí Alẹ́ṣinlọ́yẹ́. Ẹni tí ó bá kúrò nílé lẹ́yìn oúnjẹ òwúrọ̀ yóò ti padà kí àwọn ará oko tó darí wálé.