Ìyẹ̀fun Òdòdó Kò Fẹ́ Omi

Àwọn àgbà ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.

Abo ìbẹ́pẹ kan wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ọbaléńdé. Ìyá mi ni ó gbìn ín kí ó tó di olóògbé. Èso rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n kò dùn tó. Onílé wá sọ pé bí ọdún bá ti yí, òun yóò gé e, òun yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Mo rántí ọ̀rẹ́ mi kan ní Ẹ̀pẹ́ tí ó ní akọ ìbẹ́pẹ láti inú irúgbìn aládùn. Igi kò lè rìn lọ bá ara wọn; ìyẹ̀fun inú òdòdó akọ ni a ó gbé wá.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo já òdòdó náà tìrìtìrì, mo kó o sínú ìgò, mo dé e pinpin. Kí abo tó yọ òdòdó, gbogbo rẹ̀ ti bu.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tọ́jú ọ̀pẹ ni mo ti kọ́gbọ́n. Ní NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ lẹ́bàá Bìní tí a dá sílẹ̀ ní 1939, wọn a gba ìyẹ̀fun ọ̀pẹ tí èkùrọ́ rẹ̀ kò léèpo, wọn a gbẹ ẹ́ dáadáa, wọn a fi í sínú ẹ̀rọ tí ń mú nǹkan dì. Bí òdòdó abo ọ̀pẹ eléèpo kíki bá ṣí, wọn a pò ó mọ́ àtíkè, wọn a fọ́n ọn sí i. Irúgbìn rẹ̀ ni ọ̀pẹ eléèpo fẹ́lẹ́ tí epo rẹ̀ pọ̀.

Bí mo ṣe tún ṣe é nìyí. Mo já òdòdó akọ nígbà tí ìrì ti gbẹ. Mo tẹ́ ẹ sórí bébà lábẹ́ ibòji títí ó fi gbẹ, mo gbọn ìyẹ̀fun rẹ̀, mo pọ́n ọn sínú bébà kékeré. Mo fi í sínú ìgò pẹ̀lú ìrẹsì tí mo yan tí ó ti tutù, mo kọ ọjọ́ sí i lára, ó di inú fíríìjì. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má ṣí i títí òtútù yóò fi kúrò lára ìgò, kí omi má bàa sẹ̀ sínú rẹ̀.

Mo fi bébà bo òdòdó abo kí ó tó ṣí. Nígbà tí ó ṣí, mo fi ìyẹ́ adìyẹ kun ìyẹ̀fun náà sí i lórí, mo tún bò ó.

Èso náà pọ́n lẹ́yìn bí oṣù márùn-ún. Adùn rẹ̀ kò yí padà, nítorí ti ìyá ni ẹran ara èso. Inú irúgbìn ni ogún bàbá wà. Nítorí náà ẹ gbin púpọ̀, kí ẹ sì ṣa èyí tí ó bá dára jù.

Wọ́n ti gé igi ìyá mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń hù nínú korobá mẹ́fà.