Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ: iṣẹ́ tí Botswana ṣe ní Tokyo

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, òjò ńlá ń rọ̀ sórí pápá ìṣeré ńlá ìlú Tokyo, olú-ìlú Japan. Ọjọ́ náà ni wọ́n parí ìdíje àgbáyé ti eré sísá, fífò àti jíjù, èyí tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 13 oṣù náà. Lára àwọn eré tí wọ́n fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ni eré àgbàsá ti àwọn ọkùnrin, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní rilé. Ọkùnrin mẹ́rin ni ó ń ṣojú orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù yóò sáré mítà 400, ìyẹn ni pé yóò yí pápá po lẹ́ẹ̀kan, yóò sì fi ọ̀pá kékeré tí ó mú dání lé ẹni tí ó kàn lọ́wọ́.

Nígbà tí eré náà parí, Botswana ni ó wà níwájú. Ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 57,76 ni wọ́n fi sá a. Amẹ́ríkà ṣe ipò kejì, Gúúsù Áfíríkà ṣe ìkẹta, àwọn méjèèjì sì lo ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 57,83. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, ìdá méje péré nínú rẹ̀ ni ó wà láàárín ẹni tí ó gba wúrà àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Láti ọdún 1983 tí ìdíje àgbáyé yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan tí ó gba wúrà nínú eré yìí rí.

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ Áfíríkà kò gbìyànjú tẹ́lẹ̀. Ní Sydney ní ọdún 2000, nínú ìdíje Òlíḿpíìkì, àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣe ipò kejì lẹ́yìn Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn tí òfin eré ìdárayá kà léèwọ̀. Wọ́n gba wúrà náà padà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fún Nàìjíríà ní ọdún 2012. Ṣùgbọ́n Sunday Bada, tí ó wà lára àwọn tí ó sáré lọ́jọ́ náà, ti kú ní ìparí ọdún 2011. Kò fi ojú rẹ̀ rí wúrà tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Tokyo fi dùn mọ́ àwọn tí ó mọ ìtàn náà: lójú gbogbo ayé, lórí pápá, ni àwọn ọmọ Botswana ti gba tiwọn.

Orúkọ àwọn mẹ́rin náà ni Lee Eppie, Letsile Tebogo, Bayapo Ndori àti Collen Kebinatshipi. Nínú wọn, ìtàn Tebogo ni ó gba àrojinlẹ̀ jù. Òun ni ó gba wúrà Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ tí Botswana ní láti ìgbà tí ó ti dá dúró, nígbà tí ó borí nínú eré mítà 200 ní Paris ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Oṣù mẹ́ta péré ṣáájú ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ kú. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn wúrà náà, òun ni ó gbá eré àgbàsá mọ́lẹ̀ fún Botswana, ṣùgbọ́n Rai Benjamin ti Amẹ́ríkà fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ṣíwájú rẹ̀. Fàdákà ni Botswana mú lọ sílé.

Tokyo kò kọ́kọ́ rọ̀ ọ́ lọ́rùn pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ó fẹ́ sá àṣekágbá mítà 100, ó gbéra kí ìbọn tó dún. Òfin kò mọ ẹni ńlá: wọ́n ní kí ó jáde kúrò lórí pápá. Ní ọjọ́ 19, nínú mítà 200 tí ayé mọ̀ ọ́n sí, ipò kẹrin ni ó ṣe. Ìdá kan ṣoṣo nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ni ó wà láàárín òun àti ẹni tí ó gba idẹ. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́fà lè di ẹrù rẹ̀ kí ó máa lọ sílé. Tebogo kò lọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Tebogo wo iwájú àti ẹ̀yìn, ó rí i pé àwọn mẹ́ta yòókù ń retí òun.

Ṣé àwọn mẹ́ta náà sì ti ṣiṣẹ́ tiwọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, Kebinatshipi, ọmọ ọdún 21, borí gbogbo àgbáyé nínú eré mítà 400. Ìṣẹ́jú-àáyá 43,53 ni ó lò. Ndori gba idẹ nínú eré kan náà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú kò wọ àṣekágbá ní ìrọ̀rùn. Wọ́n dí wọn lọ́nà nínú eré ìṣáájú, wọ́n sì ní láti tún un sá pẹ̀lú Kẹ́ńyà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí wọ́n tó rí àyè wọlé. Lálẹ́, Rai Benjamin kan náà tí ó gbà á lọ́wọ́ Tebogo ní Paris ni wọ́n tún fi sí ìkẹyìn. Òun ni ó wà níwájú nígbà tí wọ́n kọjú sí ilé. Nígbà náà ni Kebinatshipi yà síta díẹ̀, ó sá tẹ̀ lé e nínú òjò, ó bá a, ó sì kọjá rẹ̀ kí wọ́n tó dé ojú ìlà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Gbèsè Paris ti san.

Ọ̀rọ̀ òjò yìí gan-an kò ṣàjèjì sí àwọn ará Botswana. Aṣálẹ̀ Kalahari ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wọn. Nítorí náà òjò jẹ́ ìbùkún lójú wọn, débi pé Pula, tí ó túmọ̀ sí òjò ní èdè wọn, ni orúkọ owó wọn, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń súre. Ààrẹ Duma Boko kéde ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo orílẹ̀-èdè láti yẹ́ wọn sí, ọjọ́ kan ṣáájú àjọ̀dún òmìnira wọn.

Àwọn ará Botswana kò pé mílíọ̀nù mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2013, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé iye ènìyàn ni Botswana fi borí. Wọ́n ti ń kọ́ ilé náà díẹ̀díẹ̀: Amantle Montsho gba wúrà àgbáyé wọn àkọ́kọ́ ní ọdún 2011, Nijel Amos gba fàdákà Òlíḿpíìkì ní ọdún 2012, eré àgbàsá wọn gba idẹ ní Òlíḿpíìkì Tokyo ní ọdún 2021, ó gba fàdákà ní Paris, kí ó tó kan wúrà. Ẹnì kan sá tirẹ̀, ó fi ọ̀pá lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Wọ́n sì ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Re Ba Bona Ha, tí ó ń wá àwọn ọmọdé tí ó ní ẹ̀bùn rí láti kékeré.

Bẹ̀nẹ̀ náà ní ẹni tí ó ti di ọ̀pá mú. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ní Glasgow, Noélie Yarigo gba idẹ nínú eré mítà 800 ti ìdíje àgbáyé abẹ́ òrùlé. Ọmọ ọdún 38 ni nígbà náà. Àwọn kíláàsì eré ìdárayá tí ìjọba ti dá sílẹ̀ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wà fún àwọn tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tí ó ń fi ẹsẹ̀ sáré lọ sí ilé-ìwé láàárọ̀ ní Kétu tàbí ní Sábẹ̀ẹ́ kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òun yá ju ti ẹlòmíràn lọ. Olùkọ́ tí ó bá dúró wò ó ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.